Ẹ Má La Ọmọ Náà sí Méjì

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìjọ àti ìdílé wọn sọ nípa ìjà àwọn olóṣèlú ní Àbújá

Àkòrí tí wọ́n fún mi kì í ṣe èyí tí a máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ lójoojúmọ́. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìjà àwọn tó ń ṣàkóso wa: Ààrẹ ń fà á sí ọ̀tún, Ilé Aṣòfin ń fà á sí òsì, ẹgbẹ́ yìí ń bú ẹgbẹ́ yẹn, iṣẹ́ ìlú sì dúró sójú kan. Ẹlòmíràn lè ní, kí ló kan ṣọ́ọ̀ṣì nínú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀, a ó rí ibi tí ó ti kàn wá.

Ẹ rántí ìtàn inú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kẹta. Obìnrin méjì ń jà lórí ọmọ kan níwájú Sólómọ́nì. Ọba ní kí wọ́n mú idà wá, kí wọ́n la ọmọ náà sí méjì, kí olúkúlùkù mú apá kan. Ọ̀kan gbà bẹ́ẹ̀. Èkejì figbe ta, ó ní kí wọ́n kúkú gbé ọmọ náà fún ẹnìkejì òun, kí ó sáà ti wà láàyè. Ibẹ̀ ni ọba ti mọ ìyá ọmọ. Ìtàn yẹn kọ́ wa pé kì í ṣe ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù ni ó fẹ́ràn ọmọ jù. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀ wò lónìí ni pé: nínú gbogbo àwọn tó ń pariwo pé àwọn ni wọ́n fẹ́ràn Nàìjíríà, ta ni yóò gbà láti pàdánù kí ọmọ má bàa kú?

OKO TÍ Ó NÍ ÀÀLÀ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á rò pé gbogbo àríyànjiyàn ni ó burú. Àwọn baba wa ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 pa ààlà náà. Ààrẹ ni ó ń kọ ètò ìṣúná, tí ó ń gbé e lọ síwájú àwọn aṣòfin. Àwọn aṣòfin 469, ìyẹn sẹ́nétọ̀ 109 àti aṣojú-ṣòfin 360, ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí i. Abala 80 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ owó nínú àpò ìjọba àpapọ̀ láìjẹ́ pé òfin fàyè gbà á. Bí Ààrẹ bá kọ̀ láti fọwọ́ sí àbá òfin kan, àwọn aṣòfin lè fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ohùn wọn sọ ọ́ di òfin.

Ìdí tí wọ́n fi pín agbára báyìí ni kí ẹnìkan má bàa di ọba lé wa lórí. Nítorí náà, bí aṣòfin bá bi mínísítà léèrè owó tí ó ná, ìyẹn kì í ṣe ìjà, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ààlà oko bá di ohun ìjà, tí baba àti ọmọ dúró sí etí ààlà tí wọ́n ń bú ara wọn, tí àkókò òjò ń kọjá lọ, tí ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan kan.

ẸGBẸ́ KAN NÁÀ NI WỌ́N

Ọ̀pọ̀ wa ń rò pé ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ni ó ń fa irú ìjà yìí. Bí a bá wo ọdún 2015 sí 2019, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ APC ni ó gba ipò Ààrẹ, òun náà ni ó ní ọmọ ẹgbẹ́ púpọ̀ jù ní ilé aṣòfin méjèèjì. A rò pé nǹkan yóò máa lọ geere. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 2015, nígbà tí àwọn sẹ́nétọ̀ APC 51 kóra jọ sí gbọ̀ngàn mìíràn ní Àbújá, tí wọ́n ń retí ìpàdé pẹ̀lú Ààrẹ Buhari, àwọn sẹ́nétọ̀ 57 tó wà ní Ilé Aṣòfin Àgbà yan Bukola Saraki ṣe olórí wọn. Kì í ṣe ẹni tí ẹgbẹ́ fẹ́ nìyẹn. Ike Ekweremadu ti ẹgbẹ́ PDP ni wọ́n sì yàn ṣe igbákejì rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi wo ara wọn bí ológbò àti eku. Ilé Aṣòfin Àgbà kọ Ibrahim Magu, ẹni tí Ààrẹ fẹ́ fi ṣe olórí EFCC, ní ìgbà méjì: oṣù kejìlá ọdún 2016 àti oṣù kẹta ọdún 2017. Ààrẹ kò mú un kúrò lórí iṣẹ́. Àwọn sẹ́nétọ̀ náà bínú, wọ́n ní àwọn kò ní tún yẹ orúkọ àwọn kan tí Ààrẹ bá fi ránṣẹ́ wò mọ́. Nígbà tó fi di oṣù keje ọdún 2018, ọ̀pọ̀ sẹ́nétọ̀ fi APC sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Saraki náà sì tẹ̀ lé wọn kí oṣù tó parí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ DSS tí wọ́n fi ìbòjú bojú dí ẹnu ọ̀nà Ilé Aṣòfin. Yemi Osinbajo, tó ń ṣe adelé Ààrẹ nígbà náà, lé ọ̀gá DSS kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń ṣekú pa wọ́n. Ẹ rí i pé kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́ ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀.

TA NI Ó SAN OWÓ ÌJÀ NÁÀ?

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣírò rẹ̀. Oṣù kìíní ni ọdún ìṣúná wa ń bẹ̀rẹ̀, ó ń parí ní oṣù kejìlá. Ọjọ́ wo ni wọ́n fọwọ́ sí i? Ìṣúná ọdún 2016, ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún. Ti ọdún 2017, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà. Ti ọdún 2018, ọjọ́ 20 oṣù kẹfà. Ti ọdún 2019, ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún. Ọdún mẹ́rin tẹ̀ léra wọn, tí ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìdajì kí wọ́n tó gbà lórí bí a ó ṣe náwó.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹnìkan. Ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 2016 ni Ààrẹ tó gbé ìṣúná 2017 dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin. Ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 2018 ni ó gbé ti 2019 dé, ariwo sì sọ nínú ilé lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó gbé ẹ̀wù fún aránṣọ ní ọ̀la ọdún, kò yẹ kí ó bínú bí kò bá rí i wọ̀ ní ọjọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n aránṣọ tí ó gbé aṣọ kọ́ fún oṣù márùn-ún náà ní ẹjọ́ í rò.

Ẹ wo ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà lọ sí àgọ́ àdúrà. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí i. Nígbà tó bàjẹ́, wọ́n gbé e fún ilé iṣẹ́ aládàáni ní 2009, wọ́n gbà á padà ní 2012, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2013. Nínú ìṣúná 2017, ìjọba bèèrè fún bílíọ̀nù 31 náírà fún ọ̀nà náà. Àwọn aṣòfin gé e kù sí bílíọ̀nù 10. Mínísítà Fashola bínú, ó sọ̀rọ̀ síta. Àwọn aṣòfin náà fèsì: wọ́n ní ètò owó aládàáni ti wà fún ọ̀nà yẹn, àti pé àwọn agbègbè mìíràn náà ń fẹ́ ọ̀nà. Olúkúlùkù ní àlàyé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí ọ̀nà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti sun mọ́jú nínú ọkọ̀ níbẹ̀, tí ọmọ ń sunkún lẹ́sẹ̀ yín, tí omi ti tán nínú ìgò, ẹ̀yin ni ẹ san owó ìjà náà. Ìyá tó ń ta ata, tí ata rẹ̀ rà kí ó tó dé Mile 12, òun náà san tirẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ìgbìmọ̀ kan wà ní Báńkì Àpapọ̀ tí ó ń pinnu iye èlé tí àwọn báńkì yóò máa tẹ̀ lé. Ènìyàn 12 ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, ó kéré tán mẹ́fà gbọ́dọ̀ jókòó kí ìpàdé tó lè wáyé. Nítorí pé àwọn sẹ́nétọ̀ kò yẹ orúkọ àwọn tuntun wò, ìgbìmọ̀ náà kò lè ṣe ìpàdé oṣù kìíní ọdún 2018. Oṣù kẹrin ni wọ́n tó tún jókòó. Ìjà lórí ọ̀gá EFCC ti dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó fẹ́ yá owó ní báńkì, kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

ÌDÍ TÍ A KÌ Í FI Í TÈTÈ RÍ I

Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà mọ irú ìjà yìí dáadáa. Níbẹ̀, bí ilé aṣòfin àti Ààrẹ kò bá gbà lórí owó, apá kan ìjọba á ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ 35 ni ó fi wà bẹ́ẹ̀ láti òpin 2018 wọ 2019. Ní 2025, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá di ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, ọjọ́ 43 ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba púpọ̀ kò rí owó oṣù gbà lásìkò. Ó burú, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ni ó rí i láti ọjọ́ kìíní.

Ní tiwa, abala 82 nínú òfin fún Ààrẹ láyè láti máa náwó fún oṣù mẹ́fà bí ìṣúná kò bá tíì jáde, kò sáà gbọdọ̀ ju iye tí òfin ìṣúná fàyè gbà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá lọ. Òfin tó dára ni, nítorí kò jẹ́ kí ìjọba kú. Ṣùgbọ́n owó oṣù àti owó ìnáwó ojoojúmọ́ ni ó sáábà ń bá a lọ. Iṣẹ́ tuntun ni kì í bẹ̀rẹ̀: afárá, ilé ìwòsàn, omi ẹ̀rọ. Nítorí náà ọ́fíìsì ṣí, mọ́tò àwọn ọ̀gá ń lọ, ó dà bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ti kó katakata kúrò lójú ọ̀nà, òjò sì ti dé kí owó tó jáde. Àìsàn tí kì í ro ni, ó sì ń pa ènìyàn.

GBỌ́ TẸNÌKEJÌ PẸ̀LÚ

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ìṣúná 2018, ó ráhùn pé àwọn aṣòfin gé bílíọ̀nù 347 kúrò nínú iṣẹ́ 4,700 tí ìjọba gbé kalẹ̀, wọ́n sì fi iṣẹ́ 6,403 tiwọn kún un, owó rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 578. Bí a bá gbọ́ èyí nìkan, a ó sọ pé olè ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìṣúná kan náà ni ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tí Òfin Ìlera ti ọdún 2014 là sílẹ̀ fún ìwòsàn àwọn mẹ̀kúnnù ti kọ́kọ́ jáde, nǹkan bíi bílíọ̀nù 55 náírà. Àwọn aṣòfin ni wọ́n fi í síbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni òfin náà ti wà lórí ìwé kí owó tó tẹ̀ lé e.

Àbá òfin lórí epo rọ̀bì náà wà níbẹ̀. Ọdún 2008 ni ó kọ́kọ́ dé Ilé Aṣòfin. Ààrẹ mẹ́ta, ilé aṣòfin mẹ́rin, wọ́n ń tì í síwá sẹ́yìn. Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni ó tó di òfin. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n gbé e wá ti wọ ilé ìwé girama kí wọ́n tó parí rẹ̀.

ÌDÁKẸ́JẸ́ KÌ Í ṢE ÀLÀÁFÍÀ

Wàyí o, ẹnìkan lè sọ pé kí àwọn aṣòfin kúkú máa gba ohun gbogbo tí Ààrẹ bá mú wá. A ti rí ìyẹn náà. Láti ọdún 2019, àwọn olórí ilé aṣòfin tuntun bá Ààrẹ rẹ́. Wọ́n fọwọ́ sí ìṣúná 2020 ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 2019, a sì dúpẹ́. Ti 2021 àti ti 2022 náà dé lásìkò.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ìjọba ń yá owó lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀. Òfin báńkì náà sọ pé irú owó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún tó ṣáájú. Nígbà tí Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé kí wọ́n sọ gbèsè náà di gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́, ó ti di tírílíọ̀nù 22.7 náírà. Wọ́n ti ná an tán. Oṣù yẹn gan-an ni ìjọba náà ń palẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ wa ni yóò san án.

Kódà bíbára-rẹ́ náà kò gba àkókò là títí. Ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2025 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ìṣúná 2025, wọ́n sì tún fa iṣẹ́ àkànṣe inú ìṣúná 2024 wọ òpin ọdún náà, débi pé ìṣúná méjì ń rìn pọ̀ lọ́dún kan. Ta ni ó lè ṣọ́ owó bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, kì í ṣe ìfẹ́ láàárín Ààrẹ àti aṣòfin ni a ń wá. Ohun tí a ń bèèrè ni kí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn lásìkò, kí wọ́n ṣe é ní gbangba, kí àríyànjiyàn wọn sì jẹ́ nítorí ọmọ, kì í ṣe nítorí ẹni tí yóò gbé ọmọ jó.

ÀWỌN ÀGBÀ WA MỌ̀ Ọ́N

Ilẹ̀ Yorùbá kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo ìjà olóṣèlú. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962, àwọn aṣòfin ju àga lu ara wọn ní Ìbàdàn, ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Inú ẹgbẹ́ kan náà, Action Group, ni ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì, wọ́n fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí ìbò ọdún 1965 dé, wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń bu epo bẹntiróò sí ènìyàn lára, wọ́n ń pe é ní wẹ́tìẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1966, ológun gba ìjọba. Àwọn àgbà tó wà láàárín wa rí i. Ẹ bi wọ́n léèrè nílé. Aládùúgbò ni ó sun ilé aládùúgbò, ọmọ ìjọ kan náà sì ni àwọn mìíràn nínú wọn.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Èkíní, kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Lẹ́yìn ìbò ọdún 2023, àwọn ìdílé kan wà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ẹgbẹ́. Bàbá, má ṣe lé ọmọ rẹ nítorí ìbò. Ọmọ, má ṣe bú bàbá rẹ nítorí pé kò di ìbò bíi tìrẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé rí i ní ojú tábìlì oúnjẹ wa pé ènìyàn lè jiyàn kí wọ́n sì jọ jẹun.

Èkejì, kí á mọ orúkọ àwọn tó ń ṣojú wa. Kí olúkúlùkù ìdílé kọ orúkọ sẹ́nétọ̀ wọn àti aṣojú-ṣòfin wọn sára ògiri. Bí a bá ń gbàdúrà fún wọn, kí á máa dárúkọ wọn, ti ẹgbẹ́ yòówù tí wọ́n bá wà. Ẹni tí a ń dárúkọ níwájú Ọlọ́run, ó yẹ kí á lè dé ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta, kí á máa bèèrè. Òfin tí ó fún ará ìlú láyè láti gba ìwé ìjọba wò ti wà láti ọdún 2011. Ó fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ méje láti fèsì. Bí wọ́n bá ní àwọn gbẹ́ kànga sí àdúgbò yín, ẹ kọ̀wé, ẹ bèèrè iye tí wọ́n ná, ẹ sì lọ wo kànga náà. Ẹ bèèrè pé ọjọ́ wo ni ìṣúná dé ọ̀dọ̀ wọn, ọjọ́ wo ni wọ́n dá a padà. Kí á má ṣe bú wọn, kí á má sì tẹríba fún irọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn wa má ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ́ kankan fi pẹpẹ ṣe gbàgede ìpolongo. Ẹni tó bá gba àpò ìrẹsì lọ́wọ́ olóṣèlú ṣáájú ìbò, ohùn rẹ̀ kì í jáde mọ́ lẹ́yìn ìbò.

Ẹ jẹ́ kí á má rò pé ìbéèrè wa kò ní èso. Ní 2015, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìbúra kí a tó rí mínísítà. Àwọn ará ìlú ráhùn, wọn kò dákẹ́. Ní 2023, wọ́n tún òfin ṣe pé Ààrẹ àti gómìnà gbọ́dọ̀ fi orúkọ àwọn tí wọ́n yàn ránṣẹ́ láàárín ọgọ́ta ọjọ́ tí wọ́n bá búra. Òfin ti dé ibi tí ìráhùn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ọmọ náà ṣì wà láàyè, idà sì ṣì wà nílẹ̀. Kì í ṣe Àbújá nìkan ni ó di ọwọ́ mú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá tòótọ́ inú ìtàn yẹn kò ní agbára, kò ní ẹ̀ṣọ́, kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní ààfin. Ohùn rẹ̀ nìkan ni ó ní. Ó lò ó lásìkò, ọmọ rẹ̀ sì yè.

Kí Olúwa fún àwọn aláṣẹ wa ní ọgbọ́n, kí ó sì fún àwa náà ní ìgboyà láti sọ̀rọ̀.